Abẹ́rẹ́ Elizabeth

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni nínú yín tí kò mọ aránṣọ? Nígbà tí ọdún bá kù díẹ̀, gbogbo wa la máa ń gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ wọn. Aránṣọ á wọn èjìká wa, á wọn àyà wa, á wọn ẹsẹ̀ wa. Á gé aṣọ, á fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, á sì rán an. Ní ọjọ́ ọdún, a ó wọ aṣọ tuntun, inú wa á dùn.

Ìtàn aránṣọ kan ni a fẹ́ kà lónìí. Ó ti pẹ́ tí ó ti kú. Elizabeth Keckley ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé. Wọ́n bí i ní ẹrú, ṣùgbọ́n kò kú ní ẹrú. Abẹ́rẹ́ ni ó fi gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyà. Abẹ́rẹ́ ni ó fi ra ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ padà. Abẹ́rẹ́ náà ni ó gbé e dé ilé ààrẹ.

1. Ọmọ tí wọ́n bí sí oko ẹrú

Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò ẹrú kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi ní Ouidah àti ní àwọn èbúté mìíràn. Wọ́n gbé wọn kọjá òkun, wọ́n sì tà wọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ọmọ tí ó bí di ẹrú náà. Ẹni tí ó ni ìyá ni ó ni ọmọ. Ó lè ta ìyá sí ìlú kan, kí ó ta ọmọ sí ìlú mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò bi í.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí Elizabeth ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní oṣù kejì ọdún 1818. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Agnes. Ọ̀gá tí ó ni wọ́n ń jẹ́ Burwell.

Nígbà tí Elizabeth pé ọmọ ọdún 4, wọ́n fún un ní iṣẹ́. Ó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ó ń mi ibùsùn ọmọ náà kí ó lè sùn. Ní ọjọ́ kan, ó mì í jù, ọmọ sì já bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù ba Elizabeth. Kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó mú ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó eérú iná, ó fẹ́ fi gbé ọmọ náà sókè. Ìyá ọmọ rí i, ó sì pàṣẹ kí wọ́n nà án.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n na Elizabeth nìyẹn. Ó dàgbà, ó darúgbó, kò gbàgbé rẹ̀.

2. Agnes kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́

Agnes mọ aṣọ rán dáadáa. Òun ni ó ń rán aṣọ àwọn ará ilé ọ̀gá rẹ̀. Òun náà ni ó ń rán aṣọ àwọn ẹrú. Iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún ẹnì kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn yòókù á sùn, Agnes á ṣì jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀.

Elizabeth rí bí ó ti ń rẹ ìyá rẹ̀. Ó pinnu pé òun yóò ràn án lọ́wọ́. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ìyá bá ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, òun náà á ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ìyá bá ṣẹ́ etí aṣọ, òun náà á ṣẹ́ etí aṣọ. Bí kò bá gún, á tú u, á tún un rán.

Báyìí ni Elizabeth ṣe kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Kò sanwó iṣẹ́, kò sì ṣe ayẹyẹ ìgbòmìnira bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ni ó gbé e jókòó síbẹ̀.

Agnes mọ ìwé kà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Èyí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ẹrú, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹrú mọ ìwé. Elizabeth náà mọ ìwé kà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ.

3. Bàbá tí ó lọ tí kò padà

George Hobbs ni ọkọ Agnes. Òun ni Elizabeth mọ̀ sí bàbá. Ẹrú ni òun náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá mìíràn ni ó ni ín. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó lè wá wò wọ́n lọ́dún: ní Kérésìmesì àti ní ọdún Àjíǹde.

Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀gá méjèèjì gbà pé kí George máa gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Inú ilé kékeré náà dùn. George gbé Elizabeth lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bá a ṣeré. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ kan, lẹ́tà dé. Ọ̀gá George ń kó lọ sí ọ̀nà jíjìn ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, George sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún wọn láti dágbére.

Wọ́n sunkún. Wọ́n gbàdúrà. George lọ. Wọn kò tún fojú kan ara wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n George kò gbàgbé wọn. Ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Agnes. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ó máa ń ránṣẹ́ sí Elizabeth pé kí ó jẹ́ ọmọ dáadáa, kí ó sì kọ́ ìwé rẹ̀. Agnes àti Elizabeth tọ́jú lẹ́tà náà bí ẹni tọ́jú wúrà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣì wà lọ́wọ́ Elizabeth.

Ohun mìíràn tún wà tí Elizabeth rí ní kékeré. Ìyá kan ń se oúnjẹ nínú ilé ọ̀gá wọn. Ó ní ọmọkùnrin kékeré kan. Ọ̀gá jẹ gbèsè ẹlẹ́dẹ̀ tí ó rà, kò sì ní owó tó. Ó ní kí ìyá náà wọ aṣọ tó dára fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n bí ẹni wọn ẹran, wọ́n sì tà á. Ìyá rẹ̀ kò rí i mọ́.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹrú ti ṣe ọmọ rí nínú ilé ìyá rẹ̀. Gbogbo ẹrú ni ó ní ìyá. Láti kékeré ni Elizabeth ti mọ̀ pé wọ́n lè tú ẹbí òun ká ní ọjọ́kọ́jọ́.

4. Ẹnu mẹ́tàdínlógún

Nígbà tí Elizabeth pé ọmọ ọdún 14, wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í fún ọmọ ọ̀gá rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ó bá wọn lọ sí ìlú Hillsborough ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀. Wọ́n nà án láìṣẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí àárò ilé ń sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ó ti bí ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí láyé. Ọmọkùnrin ni. Orúkọ rẹ̀ ni George, orúkọ kan náà pẹ̀lú bàbá tí ó lọ.

Nígbà tí ó ṣe, Elizabeth padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Virginia. Ní ọdún 1847, ọmọbìnrin ọ̀gá wọn àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú St. Louis. Garland ni orúkọ ọkọ náà. Wọ́n kó Elizabeth, ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ dání. Ìlú ńlá ni St. Louis, ó wà létí odò Mississippi.

Ọwọ́ Garland kò ká nǹkan mọ́. Ó fẹ́ fi Agnes háyà fún ẹlòmíràn, kí ó lọ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí owó iṣẹ́ náà máa wá sọ́wọ́ òun. Agnes ti dàgbà nígbà náà. Ó ti ṣiṣẹ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ ti le.

Elizabeth gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó sọ fún un pé kí ó fi ìyá òun sílẹ̀, òun yóò wá iṣẹ́ ṣe dípò rẹ̀.

Ó jáde lọ, ó ń wá ẹni tí yóò gbé aṣọ fún un. Ẹni àkọ́kọ́ gbé aṣọ wá, Elizabeth rán an dáadáa. Ẹni náà sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀, àwọn obìnrin ọlọ́lá ìlú náà ń wá a. Aṣọ tí ó bá gé máa ń bá ara mu rẹ́gí. Kì í fún ẹni, kì í sì í ṣe ẹni fàìfàì.

Fún ọdún 2 àti oṣù 5, abẹ́rẹ́ Elizabeth ni ó ń bọ́ gbogbo ilé náà. Ènìyàn 17 ni wọ́n: ọ̀gá, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn, àti àwọn ẹrú. Ẹrú ni ó ń bọ́ ọ̀gá! Ṣùgbọ́n Agnes kò lọ ṣiṣẹ́ nílé ẹlòmíràn. Ohun tí Elizabeth fẹ́ nìyẹn.

5. Owó ọkọ̀ ojú omi

Elizabeth ń wo ọmọ rẹ̀ George bí ó ti ń dàgbà. Kò fẹ́ kí ọmọ náà jẹ́ ẹrú títí ayé. Ó lọ bá Garland, ó bi í pé èló ni yóò gbà kí òun fi ra ara òun àti ọmọ òun padà. Garland bínú. Ó ní kí ó má tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Elizabeth kò dákẹ́. Ó tún bi í.

Ní ọjọ́ kan, Garland fa owó fàdákà kan yọ. Kò tó dọ́là kan, ìdá mẹ́rin dọ́là ni. Ó nà án sí Elizabeth. Ó ní bí ó bá fẹ́ lọ, kí ó fi owó yẹn wọ ọkọ̀ ojú omi, kí òun àti ọmọ rẹ̀ sọdá odò.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Ní òdìkejì odò Mississippi, ìpínlẹ̀ mìíràn wà tí òfin rẹ̀ kò gba kí ènìyàn ní ẹrú. Ó rọrùn láti sọdá. Ṣùgbọ́n Elizabeth kò gba owó náà. Ó sọ fún Garland pé òun mọ ọ̀nà odò náà, òun ì bá ti sọdá tipẹ́. Kò fẹ́ sá bí olè. Ẹni tí ó bá sá, wọ́n lè lé e, kí wọ́n mú un padà. Elizabeth fẹ́ òmìnira tí ẹnikẹ́ni kò ní lè gbà lọ́wọ́ òun àti ọmọ òun.

Nígbà tí Garland gbọ́ èyí, ó rò ó. Lẹ́yìn náà, ó dá iye kan fún un: 1200 dọ́là fún òun àti ọmọ rẹ̀.

Owó ńlá gbáà ni. Owó tí ó ń rí lórí aṣọ, ilé ọ̀gá ni ó ń jẹ ẹ́ tán.

Ní St. Louis yìí ni Elizabeth ti fẹ́ James Keckley. Ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ìgbéyàwó náà kò dùn, wọ́n sì pínyà lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

6. Ọjọ́ òmìnira

Elizabeth ro ohun tí yóò ṣe. Ó fẹ́ lọ sí ìlú New York, kí ó tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ kí ènìyàn máa ní ẹrú. Garland ti kú nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ gbà kí ó lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọkùnrin 6 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Bí Elizabeth kò bá padà, àwọn ni yóò san owó rẹ̀.

Ó rí ènìyàn 5. Ó lọ bá ẹnì kẹfà. Ọkùnrin náà gbà láti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó sọ pé òun mọ̀ pé Elizabeth kò ní padà wá. Ọ̀rọ̀ náà dun Elizabeth dé egungun. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun yóò padà. Kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó padà sílé, ó jókòó, ó ń sunkún.

Bí ó ti ń sunkún, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń ránṣọ fún ni. Orúkọ rẹ̀ ni Le Bourgeois. Ó sọ pé ìtìjú ni kí Elizabeth lọ tọrọ owó ní ìlú òkèèrè nígbà tí ó ní ọ̀rẹ́ nínú ìlú. Ó lọ láti ilé dé ilé. Àwọn obìnrin tí Elizabeth ti ránṣọ fún dá owó jọ, wọ́n sì pé 1200 dọ́là.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1855, wọ́n kọ ìwé òmìnira Elizabeth àti ti George. Elizabeth di òmìnira. Ọmọ rẹ̀ náà di òmìnira.

Ṣé ó jẹ owó náà gbé? Rárá o. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun kò gbà á ní ọ̀fẹ́, òun yá a ni. Ó padà sí ìdí abẹ́rẹ́. Ó ń rán aṣọ lójoojúmọ́, ó ń san owó náà díẹ̀díẹ̀, títí tí ó fi san án tán.

7. Ó dé Washington

Ní ọdún 1860, Elizabeth kúrò ní St. Louis. Ó kọ́kọ́ lọ sí ìlú Baltimore. Ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọbìnrin dúdú bí a ti ń gé aṣọ kí ó lè bá ara mu. Iṣẹ́ náà kò yọrí sí rere. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, agbára káká ni ó fi rí owó ọkọ̀ san.

Ó dé Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó rán aṣọ fún ẹnì kan, ẹni yẹn sọ fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí ó fi ń ránṣọ fún Varina Davis, ìyàwó ọkùnrin ńlá kan nínú ìjọba. Ní alẹ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Kérésìmesì, títí di ọ̀gànjọ́ òru ni ó fi jókòó, tí ó ń parí aṣọ ṣẹ́dà tí obìnrin náà fẹ́ fi ta ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ.

Ní àkókò náà, ìjà ńlá ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fẹ́ máa ní ẹrú lọ, wọ́n sì fẹ́ ya kúrò lára àwọn ti àríwá. Ọkọ Varina Davis ni ó di olórí àwọn ará gúúsù. Varina bẹ Elizabeth pé kí ó bá òun lọ sí gúúsù. Elizabeth rò ó dáadáa, kò sì lọ.

8. Aṣọ ìyàwó ààrẹ

Ní oṣù kẹta ọdún 1861, Abraham Lincoln di ààrẹ Amẹ́ríkà. Mary ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kọfí dà sí aṣọ tí Mary fẹ́ wọ̀ lọ sí òde pàtàkì, ó sì ń wá aránṣọ kíákíá. Ẹnì kan júwe Elizabeth fún un.

Nígbà tí Elizabeth dé Ilé Funfun, níbi tí ààrẹ ń gbé, ó bá àwọn aránṣọ mìíràn níbẹ̀. Gbogbo wọn fẹ́ iṣẹ́ náà. Mary bi Elizabeth ta ni ó ti ń ránṣọ fún. Nígbà tí ó dáhùn, Mary gbé iṣẹ́ fún un. Aṣọ ṣẹ́dà kan ni, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó róòsì.

Ní alẹ́ òde náà, Elizabeth pẹ́ kí ó tó gbé aṣọ dé. Mary bínú gan-an. Ó ní òun kò lọ mọ́, nítorí àyè kò sí mọ́ láti múra. Elizabeth kò bínú padà. Ó tọrọ àforíjì. Ó fi sùúrù wọ aṣọ náà fún un, ó tún irun rẹ̀ ṣe, ó fi òdòdó sí i. Aṣọ náà bá a mu rẹ́gí. Ààrẹ Lincoln wọlé, ó rí ìyàwó rẹ̀, ó sì yìn ín.

Láti ọjọ́ náà, Elizabeth ni aránṣọ Mary. Láàárín oṣù díẹ̀, ó rán aṣọ 15 tàbí 16 fún un. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní Ilé Funfun. Ó di ọ̀rẹ́ Mary. Ẹni tí wọ́n nà ní ọmọ ọdún 4 ti ń wọ ilé ààrẹ.

9. Ìyá méjì

Elizabeth ti rán ọmọ rẹ̀ George lọ sí ilé-ìwé gíga Wilberforce ní ìpínlẹ̀ Ohio. Owó aṣọ rírán ni ó fi rán an lọ.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861, George fi ìwé sílẹ̀, ó lọ di ọmọ ogun àríwá. Nígbà náà, wọn kò tíì ń gba ènìyàn dúdú sí ẹgbẹ́ ogun. Ṣùgbọ́n George pupa gan-an, wọ́n rò pé òyìnbó ni, wọ́n sì gbà á. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ogun mú un lọ ní Wilson's Creek, ní ìpínlẹ̀ Missouri.

Ọmọ kan ṣoṣo! Ọmọ tí ó fi abẹ́rẹ́ rà padà! Agnes, ìyá Elizabeth, náà ti kú ṣáájú. Elizabeth ku òun nìkan. Mary kọ lẹ́tà sí i láti bá a kẹ́dùn.

Ní oṣù kejì ọdún 1862, ikú wọ Ilé Funfun. Willie, ọmọ Lincoln àti Mary, ṣàìsàn ibà, ó sì kú. Ọmọ ọdún 11 ni. Elizabeth ni ó wẹ ọmọ náà, òun ni ó wọ aṣọ fún un. Mary sunkún títí, ara rẹ̀ kò yá. Elizabeth jókòó tì í. Ó mọ bí ó ti ń dun ni. Ìyá méjì ni wọ́n, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, àwọn méjèèjì sì ti sin ọmọ.

10. Ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́

Bí ogun ti ń lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrú sá kúrò ní gúúsù, wọ́n wá sí Washington. Wọn kò ní ilé. Wọn kò ní oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ kò ní aṣọ òtútù, òtútù ibẹ̀ sì le ju ọyẹ́ tiwa lọ.

Elizabeth rí wọn, ó rántí ibi tí ó ti wá. Ó wò ó pé bí àwọn òyìnbó bá lè dá owó jọ fún àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́, àwọn ènìyàn dúdú náà lè dá owó jọ fún àwọn ènìyàn wọn. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní ọdún 1862, òun àti ènìyàn bí 40 dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Elizabeth ni olórí wọn.

Ó rin ìrìn àjò lọ sí New York àti sí Boston láti wá ìrànlọ́wọ́. Mary Lincoln fi 200 dọ́là ránṣẹ́. Frederick Douglass, akọni tí òun náà ti ṣe ẹrú rí, ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi owó náà ra aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ó sá wá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, ogun parí, ṣùgbọ́n ẹnì kan yìnbọn pa Ààrẹ Lincoln. Mary ránṣẹ́ pe Elizabeth. Elizabeth lọ, ó jókòó tì í nínú yàrá tí ó ti ń sunkún. Kí ọdún yẹn tó parí, òfin fi òpin sí ẹrú níní ní gbogbo Amẹ́ríkà.

11. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ní ọdún 1868, Elizabeth kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Nínú ìwé náà, ó sọ ohun tí ó rí ní Ilé Funfun. Ó rò pé ìwé náà yóò jẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣàánú Mary, ṣùgbọ́n inú bí Mary. Ọ̀rẹ́ wọn tú ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé aṣọ fún un kò wá mọ́. Èyí dùn ún púpọ̀.

Síbẹ̀, kò fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́. Ní ọdún 1892, ó lọ di olùkọ́ ní Wilberforce. Ṣé ẹ rántí Wilberforce? Ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ George fi sílẹ̀ lọ sí ogun ni. Elizabeth ti lé ní 70 ọdún nígbà náà. Ó dúró níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ó ń kọ́ wọn bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ.

Ó kú ní Washington ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1907. Ọmọ ọdún 89 ni. Títí di òní, aṣọ àrán elésè àlùkò kan wà tí wọ́n tọ́jú sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington. Mary Lincoln ni ó wọ̀ ọ́, a sì gbà pé Elizabeth ni ó rán an.

Ẹ̀yin ọmọ, abẹ́rẹ́ kò tóbi. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, a lè máà rí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa sọ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Agnes fi abẹ́rẹ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà fi gbé ìyá rẹ̀, ó fi gbé ọmọ rẹ̀, ó sì fi gbé àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Òmìnira: ipò ẹni tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.
Ra padà: san owó kí ẹrú lè di òmìnira.
Ṣẹ́ etí aṣọ: ká etí aṣọ, kí a sì rán an kí ó má baà tú.
Rẹ́gí: kò fún jù, kò sì tóbi jù.
Àrán: aṣọ olówó ńlá tí ara rẹ̀ rọ̀, tí ó sì ń dán.
Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé: ilé tí a ń tọ́jú ohun àtijọ́ sí kí gbogbo ènìyàn lè wò ó.

Ìbéèrè

1. Ta ni ó kọ́ Elizabeth ní aṣọ rírán?
2. Kí ni George Hobbs máa ń sọ fún Elizabeth nínú lẹ́tà rẹ̀?
3. Kí ni Elizabeth ṣe kí wọ́n má baà fi ìyá rẹ̀ háyà?
4. Kí ló dé tí Elizabeth kò fi gba owó láti sọdá odò?
5. Èló ni Elizabeth fi ra ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ padà?
6. Kí ló dé tí ó fi san owó náà padà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀?
7. Báwo ni Elizabeth ṣe ran àwọn tí ó sá wá sí Washington lọ́wọ́?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Lọ bá aránṣọ kan ní àdúgbò rẹ. Kí i dáadáa. Bi í pé ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́, àti ta ni òun náà ti kọ́. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé rẹ ní gbólóhùn márùn-ún, kí o sì kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.